Àwọn Lẹ́tà láti Ìdí-Ọ̀mọ̀

Lẹ́tà tí wọ́n fi gbé Sùmáyà wá kò ní àṣìṣe kankan nínú, ohun tó sì kọ́kọ́ kọ mí lóminú nìyẹn. Àwọn tó ń ti abà wá bá wa lóde òní, bí wọ́n bá tilẹ̀ mú ìwé dání, ìlà méjì péré ni: orúkọ aláìsàn, àti pé inú ń run ún. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí kún ojú ìwé kan tán. Ọjọ́ orí obìnrin náà wà níbẹ̀, iye oṣù oyún rẹ̀ wà níbẹ̀, ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru dé wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ dábùú nínú, pé orí rẹ̀ wà lápá òsì ìyá, pé omi sì ti dà láti aago mẹ́fà àárọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dúró."

N kò jẹ́ kó dúró. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lọ díẹ̀. Ọlọ́kadà ló gbé e dé, ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Mo sáré gbé lẹ́tà náà fún Dókítà Lágúnjú. Ó kà á tán, kò bi mí ní ìbéèrè kan, ó kàn ní kí wọ́n ṣí yàrá iṣẹ́ abẹ ni. Kó tó di aago mọ́kànlá, Sùmáyà ti bí ọmọbìnrin, ìyá àti ọmọ sì yè.

Dókítà ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tó sọ fún mi pé, "Nọ́ọ̀sì Fúnlọ́lá, ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ló gba ẹ̀mí méjì là lónìí, kì í ṣe èmi. Ẹ bá mi kí i o."

Ìgbà tí mo padà sí yàrá káàdì, tí mo fẹ́ fi lẹ́tà náà sínú fáìlì, ni mo tó wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé e súnmọ́ fèrèsé, mo tún un kà. Orúkọ Ìyábọ̀dé ni, ìkọ̀wé Ìyábọ̀dé ni, bó ṣe máa ń fa ìlà méjì sábẹ́ orúkọ aláìsàn gẹ́lẹ́ ló ṣe fà á. Ọjọ́ tó kọ síbẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni.

Oṣù keje sì nìyẹn tí a ti sin Ìyábọ̀dé. Èmi wà lára àwọn tó wẹ òkú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí mo ń bá ṣiṣẹ́, ti ìjọ Àgùdà ni. Òkè-Ogbó nílùú Ifẹ̀ ni èyí tó tóbi jù wà, àwọn Sístà ló dá a sílẹ̀, wọn kò sì dá a sílẹ̀ nítorí èrè. Ibùdó ìwòsàn kéékèèké mẹ́fà ló wà lábẹ́ rẹ̀ káàkiri inú oko kòkó, kí ẹni tó wà ní abà má baà kú sọ́nà kó tó dé Ifẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nọ́ọ̀sì wà ní mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lẹ́yìn náà ni àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sókè òkun bí ẹyẹ tó gbọ́ ìró ìbọn. Lónìí kan lọ, lọ́la méjì lọ, títí tó fi ku Ìyábọ̀dé ní Ìdí-Ọ̀mọ̀ àti ẹnìkan mìíràn ní ọ̀nà kejì.

Ilé ẹ̀kọ́ kan náà lèmi àti Ìyábọ̀dé ti kọ́ṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, kò bímọ, ó ní kí wọ́n kúkú gbé òun lọ síbi tí òun á ti wúlò. Ọdún mọ́kànlá ló lò ní Ìdí-Ọ̀mọ̀. Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ tó kú bọ́ sí. Àwọn aláìsàn ti wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta láti àárọ̀, wọ́n rí i pé ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé, oníkálukú sì rò pé ẹnìkan wà nínú ilé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò fẹ́ràn kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn bó bá ń yẹ aláìsàn wò, gbogbo abà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó. Wọ́n ń rọra sọ̀rọ̀. Ìgbà tí aago mẹ́ta ọ̀sán lù ni Bàbá Àjàgbé, baálẹ̀ wọn, tó ti ilẹ̀kùn. Ìyábọ̀dé wà lórí àga rẹ̀, ó fi orí lé ìwé orúkọ àwọn aláìsàn, bírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì tó wákàtí méje tó ti kú kí wọ́n tó mọ̀.

A ti ibẹ̀ pa. Kò sí ẹni tó fẹ́ lọ. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ Sístà Fọláyọ̀, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wa.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá Sùmáyà ní wọ́ọ̀dù. Ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fa àga, mo jókòó, mo sì rẹ ohùn mi sílẹ̀.

"Ta ló fún ọ ní lẹ́tà tó o mú wá lánàá?"

"Nọ́ọ̀sì ni, Mà. Nọ́ọ̀sì tó wà ní abà wa."

Oṣù méjì péré ni Sùmáyà tíì lò ní Ìdí-Ọ̀mọ̀. Ẹdẹ ni ọkọ rẹ̀ ti kó o wá. Kò mọ ẹni tó ti kú níbẹ̀ kó tó dé.

"Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

"Wọ́n ga, wọ́n dúdú, wọ́n ní èjí. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀." Ó wo ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ lé mi níkùn, ó tutù débi pé mo fò. Mo ní, 'Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ yín mà tutù o.' Wọ́n ní kí n má bínú, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láìsinmi."

Mo tún bi í léèrè.

"Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n bá ọ wọlé?"

"Rárá o. Ìta ni wọ́n dúró sí. Wọ́n kàn ń sunkún ṣáá. Mo rò pé nítorí tèmi ni."

N kò béèrè mìíràn mọ́. Mo gbé lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀ mi, mo tì í.

Kí oṣù karùn-ún tó parí, lẹ́tà mẹ́rin mìíràn ti dé. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Tahir, tó ní egbò lẹ́sẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a tètè gé ọmọ ìka kan kó má baà di pé a ń gé ẹsẹ̀. Òótọ́ ni. Ọ̀kan jẹ́ ti obìnrin tó rò pé ọgbẹ́ inú ló ń ṣe òun. Lẹ́tà ní oyún ló wà lójú ibi tí kò yẹ, ó sì ku díẹ̀ kó bẹ́. Òótọ́ ni. N kò lè sọ̀rọ̀ lórí méjì yòókù láìsunkún, torí ọmọdé ni wọ́n, àwọn méjèèjì ló sì padà fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ká má jẹ́ kí wọ́n dúró.

Mo bi bàbá arúgbó náà pé ta ló fún un ní tirẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó fún mi," ló wí. "Orí bẹ́ǹṣì ni mo ti bá a. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀."

"Ẹ̀yin mọ Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀dé dáadáa, àbí ẹ kò mọ̀ ọ́n? Ẹ mọ̀ pé ó ti kú?"

Ó gbójú kúrò lára mi, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a fi báńdéèjì dì. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má béèrè," ó ní. "Ẹ ṣáà tọ́jú mi."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé gbogbo abà ló mọ̀. Wọ́n panu mọ́ ni, kó má baà bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rù nìkan ni, bóyá èmi náà ì bá ti panu mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi àti òkú yẹn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìyábọ̀dé ti bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní àyà ń dun òun, ó ń rẹ òun tí òun bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ dúró níbẹ̀ dípò rẹ̀. Nígbà náà, èmi náà ti kọ̀wé láti lọ sókè òkun, ìdánwò kan sì ku tí mo fẹ́ ṣe ní Èkó. Mo pè é lórí fóònù, mo ní, "Ìyábọ̀dé, jọ̀ọ́, fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré sí i." Ó ní, "Kò burú. Lọ ṣe é." Inú ọ̀sẹ̀ yẹn ló kú. Mo yege nínú ìdánwò náà.

Nítorí náà, bí mo bá rí ìkọ̀wé yẹn, kì í ṣe aláìsàn nìkan ni mo ń rí. Ó ń dà bí ẹni pé èmi ló ń kọ̀wé sí. N kò rí oorun sùn, n kò lè jẹun. Ní ọjọ́ Ajé kan, mo kó lẹ́tà márààrún, mo lọ tẹ́ wọn síwájú Sístà Fọláyọ̀.

Obìnrin kúkúrú ni Sístà, kì í yára sọ̀rọ̀. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ Ìdí-Ọ̀mọ̀ jáde, ó gbé e lé orí tábìlì láàárín wa.

"Kò kúrò níbí yìí rí," ó ní, "láti ọjọ́ tí a ti ilẹ̀kùn."

Ọjọ́bọ̀ ni a lọ, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Hakeem ló wà wá, awakọ̀ áńbúláǹsì wa, ọmọ Ìwó tó ń gbé ní Sábó. Òjò ti rọ̀ lánàá ọjọ́ náà, ọ̀nà pupa, igi kòkó pàdé lókè wa débi pé Hakeem tan iná ọkọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago méjì ọ̀sán ni. Ìgbà tí a dé, kò sí ẹnikẹ́ni níta. Àgádágodo ẹnu ọ̀nà ti dípẹtà, àfìgbà tí Hakeem ta epo ọkọ̀ sí i kó tó gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Aláǹtakùn ti hun òwú rẹ̀ láti ara férémù dé ara ilẹ̀kùn, a sì já a ká tó wọlé. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì ìta ń dán. Koríko iwájú rẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ibi tí èèyàn ń gbé ẹsẹ̀ sí lójoojúmọ́.

Òórùn ísáàlì tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ pàdé wa nínú ilé. Ilẹ̀ ṣì tutù, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún. Kò sí eruku lórí tábìlì. Ìwé orúkọ àwọn aláìsàn ṣí sílẹ̀, mo sì rọra sún mọ́ ọn. Àwọn orúkọ kò dúró síbi ọjọ́ tó kú. Wọ́n ń bá a lọ, oṣù lẹ́yìn oṣù, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, gbogbo àyè tí wọ́n fà ló kún. Ti ọjọ́ náà wà nísàlẹ̀, orúkọ mẹ́fà. Mo fi ìka kan ìkẹfà. Yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó sì kùn mí lọ́wọ́.

"Sístà," mo ní, n kò sì lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti inú yàrá kejì, a gbọ́ ìró ìwé tí wọ́n ṣí. Ẹnìkan wúkọ́, ikọ́ ẹni tó ti rẹ̀. Mo mọ ikọ́ yẹn. Ọdún mẹ́ta la fi jọ sùn sí yàrá kan náà nílé ẹ̀kọ́.

"Ìyábọ̀dé!"

Sístà fi ọwọ́ bo mí lẹ́nu. "Má pè é," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí mi létí. "Má pè é lórúkọ."

Gbogbo ìró dákẹ́. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ẹni tó wà níbẹ̀ náà ti dúró, ó ń tẹ́tí sí wa. A fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Ìgbà tí a dé ìta, Bàbá Àjàgbé ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú bí èèyàn mẹ́wàá. Hakeem dúró ti ọkọ̀, ó ń ka ohun kan sábẹ́ ètè rẹ̀. Baálẹ̀, àgbàlagbà tó lé ní ọgọ́rin ọdún, tẹríba níwájú Sístà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má ṣe nǹkan kan sí i. Kò dá wa lóró. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Tí ara ẹnìkan kò bá yá, a ó lọ jókòó níbẹ̀, ìwé á jáde. Ohun tó wà láàárín àwa àti òun kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Bàbá, òkú ni," ni Sístà wí.

"A mọ̀. Àwa la gbé e."

"Ọdún mọ́kànlá ló fi sìn yín. Ṣé ẹ fẹ́ kó máa sìn yín títí ayé ni? Òkú kì í ṣe ẹrú. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ lọ sinmi."

Bàbá Àjàgbé nawọ́ sí ilẹ̀kùn ibùdó náà. "Òdodo lẹ sọ, Sístà. Kí ẹ kọ́kọ́ mú ẹni tó máa jókòó sórí àga yẹn wá. Bó bá ti jókòó tán, kí ẹ wá jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ máa lọ."

Sístà yíjú sí mi. Bó bá jẹ́ pé mo sọ pé ká dúró, mo mọ̀ pé ì bá dúró. Èmi ni mo ní, "Ẹ jẹ́ ká pe Fadá." Mo ní, "Sístà, ìyà ń jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́ ikọ́ rẹ̀." Mo pè é ní àánú. Lóòótọ́, àánú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń fẹ́ jù ni pé kí ìkọ̀wé yẹn má dé ọwọ́ mi mọ́.

Fadá wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e. Inú ibùdó náà gan-an ni wọ́n ti ṣe Mísà, lórí tábìlì Ìyábọ̀dé. Hakeem wà níta, àwa mẹ́rin péré ni a wà nínú ilé: Fadá, Sístà, èmi, àti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gbé tùràrí. Àwọn ará abà kò yọjú. Fadá gbàdúrà pé kí Olúwa fún un ní ìsinmi ayérayé. Ó wọ́n omi mímọ́ sí ẹnu ọ̀nà, sí àga, sí orí ìwé náà. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá kejì, tó gbọn omi sínú rẹ̀, a gbọ́ tí ẹnìkan fà sẹ́yìn, bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù sí èèyàn lójijì. Sálúbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í fà nílẹ̀, ó ń yára lọ. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí fúnra rẹ̀, oòrùn wọlé, gbogbo rẹ̀ sì parọ́rọ́.

"Ó ti lọ," ni Fadá wí. Ó nu ojú rẹ̀. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Ìgbà tí a já àwọn yòókù sílẹ̀ ní Òkè-Ogbó, tí Hakeem ń gbé mi lọ sí Ìrémọ níbi tí mo ń gbé, ló tó lanu.

"Mà, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà. Mo fẹ́ wá omi tí mo máa fi ṣe àlùwàlá."

"Kí lo rí?"

"Obìnrin kan jáde. Aṣọ funfun. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò wò mí. Ó gbé báàgì sórí, ó di ìwé mọ́ àyà. Kò rìn bí ẹni tó ń lọ sinmi, Mà. Ó ń rìn bí ẹni tí onílé lé jáde. Ó ń wẹ̀yìn wò. Ó sì ń sunkún."

"Ọ̀nà wo ló gbà?"

"Ọ̀nà odò," ló wí, "inú oko."

Mo ní kó má sọ fún ẹlòmíràn.

Lẹ́tà kò dé mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Mo tún ìwé ìrìnnà mi gbé jáde, mo ń ka iye oṣù tó kù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n gbé ọmọ kan dé láti Ìdí-Ọ̀mọ̀. Gìrì ló mú un láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Ó ti kú kí ọlọ́kadà tó dé ẹnu géètì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin tí ejò bù jẹ, òun náà pẹ́ kó tó dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin tó bímọ sílé tí ẹ̀jẹ̀ kò dá. Bàbá Àjàgbé fúnra rẹ̀ ló bá wọn wá lọ́jọ́ ti obìnrin yìí, torí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni. Wọ́n tẹ́ obìnrin náà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ọwọ́ lé ọrùn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀mí ti bọ́.

Mo bi wọ́n léèrè ohun tí gbogbo nọ́ọ̀sì máa ń béèrè. "Kí ló dé tí ẹ kò tètè gbé e wá?"

Bàbá Àjàgbé kò bú mi. Ì bá dáa bó bá bú mi. Ó fi etí ìborùn obìnrin náà nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "A kò mọ̀ pé ó ti le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa ń sọ fún wa pé ó ti le, ẹ ti lé e lọ." Ó gbójú sókè. "Ta lẹ fi rọ́pò rẹ̀, Nọ́ọ̀sì?"

Mo wọlé tọ Sístà Fọláyọ̀ lọ lọ́jọ́ náà. N kò jókòó. Mo sọ ohun gbogbo fún un, títí kan ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan péré tí mo tọrọ lórí fóònù. Ó gbọ́ ọ, kò dá mi lẹ́jọ́. Ó kàn bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Oṣù kẹjọ ni mo kó lọ sí Ìdí-Ọ̀mọ̀. N kò lọ sókè òkun mọ́. Eruku ti bo tábìlì nígbà tí mo dé, èkúté ti jẹ etí ìwé orúkọ náà. Mo gbá ilẹ̀, mo nù ún, mo jókòó sórí àga. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí àwọn aláìsàn bá ti lọ tán lọ́sàn-án, mo máa ń yíjú sí yàrá kejì, mo máa ń sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìyábọ̀dé, mo ti dé." Mo ní, "Má bínú." Kò sí ìró kankan, àfi ewé kòkó tó ń já lé páànù. N kò mọ̀ pé èèyàn lè jókòó kó máa fẹ́ kí òkú wúkọ́.

Ìgbà tó di oṣù kẹwàá, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, obìnrin kan wọlé tí ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Habibah lorúkọ rẹ̀. Ó pọn ọmọ ọlọ́dún méjì, ara ọmọ náà ń jó bí iná, ojú rẹ̀ sì ti yí. Mo fún un lábẹ́rẹ́, mo fi omi tútù nù ún, mo gbé abẹ́rẹ́ dírípù sí i lọ́wọ́ kí omi lè wọ inú iṣan rẹ̀. Nǹkan bí wákàtí kan kọjá kí ọmọ náà tó ké. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí láti béèrè ibi tí wọ́n ti wá.

"Òkè-Odò ni, Mà."

Òkè-Odò jìn. Èèyàn máa la odò kọjá lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ọ̀nà ọkọ̀, ilé ibẹ̀ kò pé ogún. Láyé, kò sí ibùdó ìwòsàn kankan níbẹ̀ rí.

"O ṣeun tó o tètè wá," mo ní. "Ká ní o pẹ́ di ìrọ̀lẹ́ ni, kì bá tí yè. Ta ló sọ fún ọ pé kó o máa bọ̀?"

"Nọ́ọ̀sì wa ni."

"Nọ́ọ̀sì wo?"

"Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà òjò. Abẹ́ igi ni wọ́n ń jókòó sí, ní etí odò. Wọn kò ní ilé." Ó ń tún aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣe, kò wo ojú mi. "Wọ́n ní kí n bi yín ní nǹkan kan, Mà. Wọ́n ní kí n má gbàgbé."

"Kí ni?"

"Wọ́n ní, ẹni tó lé àwọn kúrò níbí, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yíjú wò wá. Mo gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ náà, ibà ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo rò ó pé mo lè purọ́.

"Ó wà," ni mo wí. "Sọ fún wọn pé èmi ni."

Habibah mi orí, bí ẹni tó gba iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ìgbà tí ara ọmọ rẹ̀ balẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó sì gba ọ̀nà odò lọ.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, àwọn mẹ́ta wá láti Òkè-Odò. Ní Ọjọ́rú, márùn-ún. Wọ́n sì ń wá títí di òní. Àìsàn wọn máa ń jẹ́ òótọ́, wọ́n sì máa ń tètè dé. Ṣùgbọ́n kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó jókòó, kó tó sọ ohun tó ń ṣe é, á kọ́kọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, á sì rọra wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n rán pé kó wá wo ojú ẹnìkan dáadáa, kó lè padà lọ jíṣẹ́ bó ṣe rí.